Ará Potogí Tó Ń Dúró Jẹ́ẹ́

Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan l'Éjìgbò ni bọ́ọ̀lù ti wọ̀ mí lára, níbi tí mo ti ń dúró kó kàn mí, tí ọkùnrin méjì ń sọ̀rọ̀ níwájú mi.

Ọ̀kan, agbábọ́ọ̀lù ìlú, ń ráhùn: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mi ò lè sáré mọ́. Bí mi ò bá ṣe dáadáa ní Sátidé, wọ́n á yọ mí kúrò lápá ọ̀tún."

Èkejì, tó ti bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ láti Abidjan dé ilẹ̀ Potogí, rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kí o sáré? Mo wo ará Potogí kan níbẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún bíi tìrẹ. Nígbà ọ̀dọ́, eré ló fi ń kọjá. Nígbà tí mo padà lọ, orí rẹ̀ ti pá, apá ọ̀tún náà ló ṣì wà."

"Ọgbọ́n wo ló wá ń dá?"

"Á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ létí ìlà, á dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á sáré kọjá. Ìdúró ni eré tirẹ̀, àbúrò."

"Òun wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán lèmi fi ń gbá a!"

"Bàtà máa ń yọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti tẹ ebè tó báyìí, ṣé bọ́ọ̀lù ni yóò yọ̀ lábẹ́ rẹ̀?"

Ní Sátidé, mo lọ wòran. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni agbábọ́ọ̀lù náà dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú tí wọ́n ń bá gbá a, tó ń ṣọ́ ọ sáré kọjá. Kò gbá ẹyọ kan wọlé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gbé bọ́ọ̀lù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ fáwọn tó gbá a wọlé: góòlù mẹ́ta sí òdo.