Ó Mọ Ìfaradà Jù Mí Lọ

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Jakande ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà.

"Àǹtí mi, ohun tí dókítà ń sọ ni pé jẹjẹrẹ náà ti padà dé. Tí oògùn bá ti kọlù ú, nǹkan kan wà nínú jẹjẹrẹ náà tó máa ń ta á lólobó, á sì tún ara rẹ̀ ṣe."

"Wọn ò lè pa olófòófó yẹn lẹ́nu mọ́ ni?"

"Wọ́n ti ń ṣe oògùn ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán an wò lókè òkun."

Àǹtí fọwọ́ pa orí rẹ̀ tí kò nírun mọ́.

"Oògùn tó sọ mí dà báyìí ni jẹjẹrẹ fara dà. Ó mọ ìfaradà jù mí lọ. Mi ò gba abẹ́rẹ́ kankan mọ́."

Àbúrò rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún.