Eré Tí A Jọ Ń Wò, Èmi Nìkan Ni Wọ́n Ní Kí N Jẹ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu mi mọ́. Mo kàn ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní físíìsì níléèwé wa ní Àmúwò, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n jáde síwájú gbogbo ìjọ, kí n kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́ pé mo fi ojú ara mi gba ẹ̀mí òkùnkùn wọlé. Bí mi ò bá ṣe é, wọn ò ní so èmi àti àfẹ́sọ́nà mi pọ̀. Kí ni mo ṣe gan-an? Mo wo eré lórí tẹlifíṣàn. Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo eré náà, tó tún gbé tẹlifíṣàn ọ̀hún wá, òun ni wọ́n ní kó máa gbàdúrà fún mi.

Nínú ìjọ ni mo ti pàdé Dàpọ̀, àfẹ́sọ́nà mi. Èmi wà nínú akọrin, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté, nítòsí Máìlì Tú. Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ló ń gbé, níbi tí iná ti ń ṣe wọ́n bó ṣe wù ú. Lọ́jọ́ kan tí a parí ìdánrawò orin, ó fi eré kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: àwọn èèyàn tí omi ayé wọn gbẹ, tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń ti ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn láti wá ibi tí wọn yóò máa gbé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé irú ọkùnrin gìrìwò báyìí ṣì ń wo eré ọmọdé. Ó ní kí n ṣáà wo apá kan. Ẹ gbà mí, mo wò ó, n kò lè dìde mọ́. Èmi tí mò ń kọ́ni ní físíìsì mọ̀ pé ìdajì ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, kò sì kàn mí. Obìnrin ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dá kan tó lójú mẹ́rin, tí awọ rẹ̀ rí bí eérú, ló ń se oúnjẹ fún wọn. Alásè ni èmi àti Dàpọ̀ ń pè é.

Tẹlifíṣàn tí mo ní ní Fẹ́sítáàkì nígbà náà, bàìbàì ni àwòrán inú rẹ̀. Dàpọ̀ ló sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn máa fi irú rẹ̀ wo eré yìí. Ẹnu rẹ̀ ni “ẹ̀ṣẹ̀” ti jáde, ẹ jọ̀ọ́. Ó gbé èyí tó fẹ̀ wá láti Mazamaza, ó ní HD ni, irú èyí tí àwòrán rẹ̀ ń mọ́ kedere, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án mọ́ ògiri. Áà, ó dára. A rí eruku lára ọkọ̀ wọn, a rí òógùn nímú ọ̀gá ọkọ̀. Àní a rí ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ iwájú orí Alásè mọ́ orí ẹni tó ń ṣe é, a sì rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo ọ̀sán Sátidé la fi ń wò ó. Bísí, àbúrò mi, máa ń jókòó tì wá, torí ìjọ wa kò fẹ́ kí àwọn tí kò tíì ṣègbéyàwó dá wà nínú ilé.

Ìjọ wa ní ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á yọ sí ilé ọkọ, wọ́n á yọ sí ilé ìyàwó láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń gbé nígbà tí kò retí àlejò. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tú àṣírí ọkùnrin kan tó ti níyàwó sílé tẹ́lẹ̀. Ní Sátidé tí wọ́n yọ sí tèmi, Dàpọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà ni. Òun ló dá eré náà dúró, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wò ó síwájú títí òun yóò fi dé. Ojú Alásè ló dúró lé, ó gba gbogbo ògiri. Mo gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn, mo rò pé Dàpọ̀ ni. Mọ́mì tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ni, àti ìyá méjì lẹ́yìn wọn.

Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo Alásè, Alásè náà ń wò wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù.” Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo fi kí wọn, mo ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì, eré ni. Èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bó ṣe mọ́ kedere yìí gan-an ni mò ń sọ. Èyí tó bá rí bàìbàì, ojú lè fò ó. Èyí tó bá mọ́ tó báyìí, tààrà ló ń wọ ẹ̀mí lọ.”

Ibẹ̀ ni Dàpọ̀ wọlé tòun ti ọ̀rá bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́. Mọ́mì bi í bóyá ó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń wò. Ó wo Alásè bí ẹni tí kò rí i rí. Ó mi orí. Ó ní, “Mọ́mì, mo ti ń bá a sọ ọ́ tipẹ́. Kò kàn gbọ́ ni.”

Wọ́n yìn ín. Wọ́n ní ọkọ tó mọ ilé ṣọ́ ni. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà, àmín tirẹ̀ ló sì ròkè jù. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í léèrè. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé bí òun bá sọ òótọ́, wọ́n á yọ òun nídìí ẹ̀rọ ohùn, wọ́n á sì dá àwa méjèèjì dúró. Ó ní ó sàn kí ẹnì kan jìn sí kòtò kí ẹnì kejì fà á jáde. Ta ló wá pín in pé èmi ni kí n jìn? Ìyá mi ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, kí n kúnlẹ̀ kó tán níbẹ̀. Bísí ní òun á lọ sọ òótọ́ fún Mọ́mì. Mo dá a dúró. Ẹnu Dàpọ̀ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Lánàá, ó wá. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀. Mo rò pé ó wá bẹ̀ mí ni, ọkàn mi sì ti ń rọ̀. Ó ní, “Báby, apá tuntun ti jáde o. Jẹ́ ká tètè wò ó kí wọ́n tó ní kó o gbé TV yẹn kúrò.”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ká má wo eré náà mọ́ kò ní pa mí. Ìkúnlẹ̀ pàápàá kò ní pa mí, orúnkún mi kò wúwo jù fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó sẹ́ mi nítorí àwòrán ara ògiri, lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ bá pe èmi ní àjẹ́, tàbí tí ọmọ kò bá tètè dé, kí ni yóò sọ fún wọn? Ṣé pé òun ti ń bá mi sọ ọ́ tipẹ́ ni?