Ohùn Bàbá Mi Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Dé Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú ara mi. Ọkọ mi ò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kankan ò mọ̀.

Àbúrò mi ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí òun àti bàbá wa bá ti jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló máa tú àṣírí mi. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Kì í wá ṣe ìyẹn nìkan. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bi mí ní ìbéèrè kan tí mo sá fún.

Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n pe àbúrò mi ní Wàsíù. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí kó tó kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Wàsíù nígbà yẹn, èmi jẹ́ mẹ́sàn-án. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń mú un lọ sí ilé kéú. Tí wọ́n bá nà án níbẹ̀, èmi ni mo máa ń sunkún.

Káfíńtà ni bàbá wa ní Mushin. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì ní máṣíìnì tí wọ́n fi ń la pákó. Ariwo máṣíìnì yẹn ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Kò lè gbọ́ fóònù dáadáa. Tí Wàsíù bá pè, èmi ni mo máa ń jókòó sáàárín, tí mo máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ sí i létí. Bàbá mi ò kàwé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé ju àwọn tó kà á lọ.

Nígbà tí mo jáde girama, mo rí ìwé ìwọlé sí poli gbà. Bàbá mi pè mí. Ó ní, "Ìyá mi, fún mi ní ọdún kan. Jẹ́ kí n fi owó yìí gbé àbúrò rẹ sí ilé ìwé tó dáa. Tó bá di àmọ́dún, ìwọ ló kàn." Mo ní kò burú. Ọdún kan náà ò tíì pé títí dòní.

Mi ò bínú nígbà yẹn o. Tàbí kí n sọ pé mo rò pé mi ò bínú. Mo lọ kọ́ òwò, mo ń ta àpò fóònù àti ṣájà ní Sábó. Mo lọ́kọ, mo bímọ.

Wàsíù mọ̀wé lóòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà gbà á. Wọ́n ní àwọn á gbé ìdajì owó ilé ìwé rẹ̀. Gbogbo àdúgbò bá wa yọ̀. Àwa rò pé ìdajì ni ìdajì. A ò mọ̀ pé owó tí wọ́n ń dá sí méjì yẹn gan-an máa ń dàgbà.

Lọ́dọọdún ni lẹ́tà ń dé. Owó ilé ìwé ti lé sí i. Owó yàrá ti lé. Owó oúnjẹ ti lé. Owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣàìsàn náà ti lé. Dọ́là tún ń gòkè lọ́dọ̀ tiwa níbí. Bàbá mi á ní kí n ka lẹ́tà náà. Màá kà á tán, màá sọ ọ́ ní Yorùbá, á ní kí n tún un kà, bíi pé tí mo bá tún un kà, ó máa dín kù.

Ó ta máṣíìnì rẹ̀. Ó padà sí ayùn ọwọ́.

Nígbà tí Wàsíù parí ọdún kejì, lẹ́tà tó dé burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí n tó kà á fún Bàbá ni Wàsíù fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì rántí gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ Bàbá, mo fẹ́ máa bọ̀ nílé. Àwọn tó jáde níbí lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an o, kọfí ni wọ́n ń bù fún èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé òun á ti hewú kí òun tó san gbèsè ilé ìwé tán. Kí wá ni èmi àlejò fẹ́ fi ìwé yìí ṣe? Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n má ta nǹkan kan mọ́."

Mo lọ bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Ó fi ayùn sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbé fóònù yẹn wá. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi bá a sọ̀rọ̀."

Dátà mi ti tán. Mo bá fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pé tí mo bá ra dátà, màá fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan láì kọ́kọ́ ṣàdúrà, àdúrà rẹ̀ sì máa ń gùn. Ó ní, "Wàsíù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o tẹ́ níbẹ̀. Ibi tí o wà yẹn á tù ọ́ lára. Ìwé tí ò ń kà, o ò ní kà á lásán. Ohun tí o torí ẹ̀ lọ, wàá mú un bọ̀." Ó ṣe é títí tí ikọ́ fi mú un, mo bá dá fóònù dúró. Nígbà tó mu omi tán, mo tún tẹ̀ ẹ́ padà. Bó ṣe di méjì nìyẹn. Àdúrà wà nínú ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ gan-an wà nínú èkejì.

Ohun tó sọ nínú èkejì ni pé, "Wàsíù, máa bọ̀ nílé. Má wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà, a jọ máa wà níbẹ̀. Ìwé kì í ṣe ọmọ. Ìwọ lọmọ." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn. Màá sọ ọ́ tó bá yá.

Mo ń lọ sí Sábó láti ra dátà. Ọkàn mi ò lélẹ̀. Obìnrin kan tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Àǹtí Amẹ́ríkà! Fóònù yín yìí ti sán bí èèpo ẹyin! Àbúrò yín ò tíì fi tuntun ránṣẹ́ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Mi ò ní poli, mi ò ní ilé, mo ní Amẹ́ríkà.

Mo jókòó sídìí ọjà mi. Mo rò ó pé tí Wàsíù bá wálé báyìí, kí ni wọ́n á máa pè mí? Mo wá rántí ìwé ìwọlé tèmi, tó ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Mo ní nínú ara mi pé, tó bá padà dé lọ́wọ́ òfo, kí ni mo wá fi tèmi sílẹ̀ fún? Ẹ má bínú sí mi. Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn. Kì í ṣe èṣù ló tì mí. Èmi ni.

Mo fi àdúrà ránṣẹ́. Mi ò fi èkejì ránṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ purọ́ fún ara mi pé màá fi ránṣẹ́ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, Wàsíù ti fèsì. Ó ní, "Mo ti gbọ́ àdúrà Bàbá. Ó yé mi. Ẹ ní kí wọ́n má bínú, mo máa dúró." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó dà bí ohùn ọmọ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

Bàbá bi mí pé kí ló wí. Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Ó ní òun ò bọ̀, Bàbá. Ó ní àfi kí òun parí ẹ̀."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ọmọ ti gbọ́n ju baba ẹ̀ lọ."

Ó ta ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà kí oṣù yẹn tó parí. Látìgbà yẹn, kò gba ohùn sílẹ̀ fún Wàsíù mọ́. Tí Wàsíù bá pè, á ní kí n bá òun kí i. Ṣọ́ọ̀bù Súlè, ẹni tí Bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Súlè ṣì ń pè é ní Ọ̀gá, ṣùgbọ́n Súlè ló ń gbé ẹsẹ̀ àga fún un pé kó fi sáńpépà fá a.

Wàsíù parí. Ó ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ dúdú àti fìlà onígun mẹ́rin. Ọdún méjì nìyẹn. Iṣẹ́ tó rí ni pé kó máa di ẹrù sínú páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún un níbẹ̀ ò wọ yunifásítì rí. Ó sọ fún Wàsíù pé ọdún tí Wàsíù wọ ilé ìwé ni òun wọ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí òun fi ṣáájú rẹ̀. Wàsíù ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù, mo sunkún. Ní báyìí, ìwé tó fún un láyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti tán. Ìdí tó fi ń bọ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù tó kọjá, bàbá mi wá sílé wa. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ọmọ mi gba fóònù mi pé òun fẹ́ ṣe géèmù. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń tẹ ẹ̀bà. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn bàbá mi, "Wàsíù, máa bọ̀ nílé." Mo rò pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Mo yọjú. Ẹ̀pà ló kún ẹnu rẹ̀. Ohùn náà ṣì ń lọ sókè látinú fóònù.

Omorogùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré já fóònù gbà.

Bàbá gbórí sókè. "Ta ló ń pe Wàsíù?"

Mo ní, "Rédíò ni, Bàbá. Rédíò àwọn ará yàrá kejì."

Ó mi orí. "Ẹni yẹn gbọ́n o. Kí Wàsíù tirẹ̀ ṣáà ti gbọ́ràn."

Ọmọ mi lanu, "Mọ́mì, Bàbá Àgbà mà ni..." Mo fi ojú bá a wí. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń di irun rẹ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé, ó bi mí pé, "Mọ́mì, tí Bàbá Àgbà bá wà nínú fóònù, ṣé rédíò là ń pè wọ́n?" Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ, ó ti pẹ́ jù. Láti ọjọ́ yẹn, tí bàbá mi bá dé, ọmọ náà kì í sáré pàdé rẹ̀ mọ́. Ó máa ń kọ́kọ́ wo ojú mi, bíi pé ó fẹ́ mọ ohun tí òun lè sọ.

Wàsíù kọ̀wé sí mi lánàá. Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò bínú sí Bàbá o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ wọ́n pé mo fẹ́ máa bọ̀, ṣé àdúrà nìkan ni wọ́n ní fún mi?"

Mo sì bi Bàbá bóyá a jọ máa lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó ní, "Ọmọ tí mo pè tí kò jẹ́ mi, ṣé èmi ni màá tún lọ bá a gbẹ́rù?" Ṣùgbọ́n Súlè sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, Bàbá máa ń dúró, ó ń kan bẹ́ẹ̀dì kan. Kò sọ ẹni tó ni ín. Ó ti fi sáńpépà fá igi orí bẹ́ẹ̀dì náà títí tó fi ń dán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé bàbá tó ta ilẹ̀ ni, àbí àbúrò tó rò pé wọ́n kọ òun? Ṣé kí n sọ ọ́ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, àbí kí n dúró dìgbà tó bá dé? Ẹ̀rù ń bà mí. Bóyá bàbá mi máa ní kí n jáde nílé òun. Bóyá Wàsíù tí mo pọ̀n dàgbà ò ní pè mí ní Àǹtí mọ́. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa wo ojú mi kó tó sọ òótọ́.

Ohùn náà ṣì wà nínú fóònù mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò lè pa á rẹ́, mi ò sì lè fi ránṣẹ́. Mo ṣèlérí pé màá sọ ìyókù ohun tí Bàbá sọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti sọ pé, "Ìwọ lọmọ," ẹ máa gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí lẹ́yìn mi. Bàbá wá ní, "Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mi ò pè ọ́, bi ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó dúró tì mí níbí. Òun ni ẹlẹ́rìí mi."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni irú ẹlẹ́rìí yìí ṣe máa ń lanu?