Kí Ojú Mi Tó Wálẹ̀

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan ní Igando ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo ti ń retí kí wọ́n lẹ táyà mi. Bíríkìlà àgbàlagbà kan ló ń bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀.

"Ilé akànṣẹ́ yẹn ní Egan, èmi ni mo kọ́ ọ. Ìjà kan, yàrá kan."

"Bàbá, ẹ má tàn mí jàre. Owó ẹ̀ṣẹ́ náà ló tó kọ́lé?"

"Tí mánéjà bá yọ tiẹ̀, tí ẹni tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn yọ tiẹ̀, ìyókù kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ibi ìjà ló ti máa ń bọ̀ tààrà. Ojú ẹ̀ á ti wú bí búrẹ́dì, á ní, 'Bàbá, ẹ ra búlọ́ọ̀kù lónìí o, kí ojú mi tó wálẹ̀.' Ó ní tó bá ti wálẹ̀ tán, òun á gbàgbé bó ṣe dun òun tó, òun á wá ná owó náà."

Ọlọ́kadà gbọ́wọ́ lérí. "Kí ojú mi tó wálẹ̀! Háà! Tí wọ́n bá wá lù ú bolẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tí wọ́n lù náà ń gbowó ṣá. Wọ́n pè é lọ sókè òkun nígbà kan, kó lọ bá ẹni tó jù ú lọ jà. Owó ìyẹn ju ti gbogbo ìjà tó ti borí nílé lọ. Ojú ẹ̀ méjèèjì ṣì dì pa nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọwọ́ ló fi yẹ búlọ́ọ̀kù wò."

"Kí lẹ wá fi owó yẹn kọ́?"

"Pálọ̀. Ìyàwó ẹ̀ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ bàtà débẹ̀."