Kì í Ṣe Epo Ìyá Mi Ló Ba Káàtì Náà Jẹ́

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí. N kò wá sunkún sí yín lára. Ara mi le, ìyàwó mi wà, ìyá mi tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ṣì ń fi eyín rẹ̀ jẹ àgbàdo sísun, inú mi sì ń dùn lọ́pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo máa ń rántí tí n ó fi dá òkèlè padà sínú àwo. Ìyá Kpoulou, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti kú. Ó kú pẹ̀lú èrò pé àbúrò òun ba nǹkan iyebíye jẹ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà, mo sì gbé e mì títí ilẹ̀ fi bò ó. Ta ni mo fẹ́ tún òtítọ́ sọ fún báyìí?

Ẹ̀bá ọ̀nà ní Adja-Ouèrè níhìn-ín ni mo ní ṣọ́ọ̀bù sí, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fotokopí fún àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń wá ìwé ìbí. Iṣẹ́ tó ń bọ́ mi nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ràn yàtọ̀: mo máa ń ṣa káàtì kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ. Bí ẹ bá tú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí pátákó pẹlẹbẹ kan tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ so mọ́. Ìyá káàtì nìyẹn. Àwọn kéékèèké tó ń wọ inú ihò ara rẹ̀ ni ọmọ. Ọ̀nà Ikpinlè ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù kiri. Ó ti gbé òòlù sókè láti fọ́ ọ nítorí bàbà ara rẹ̀. Mo wo àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n jọ ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí kọ̀ǹpútà bá kú ní ilé-ìwé, ní ilé fadá, ní ọ́fíìsì èyíkéyìí láti Oko-Akarè dé Kpoulou, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kí n wá gbé òkú rẹ̀.

Dídá wọn mọ̀ kò le bí ènìyàn bá ní sùúrù. Ihò gígùn dúdú, àgbà ni. Ihò funfun tó kúrú jù ú lọ, ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ihò kan ṣoṣo tó pọ́n bí igi gbígbẹ, tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, àbúrò gbogbo wọn ni. Lára àwọn èérún dúdú tó lẹ̀ mọ́ pátákó náà, ẹ ó sábà rí nọ́ńbà mẹ́rin: méjì iwájú ni ọdún tí wọ́n ṣe é, méjì ẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀. Bí mo bá ti jókòó ti ọ̀kan báyìí, tí mo fi aṣọ nù ún, tí mo ń wá orúkọ rẹ̀, ẹ lè jí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi kó, n kò ní mọ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo lọ mú ìyá mi wá láti Ikpinlè. Epo pupa ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò lè jókòó lásán. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n fi iṣẹ́ mi han òun. Ẹ gbọ́ ná, kò tó oṣù méjì tí ìyá mi fi ń ya káàtì sọ́tọ̀ jù mí lọ! Ẹnu irin tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ káàtì ló fi ń mọ̀ wọ́n. Á fi ìka ka ihò ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlà mẹ́ta, á ní, "Ti ojú nìyí," nítorí òun ló ń gbé àwòrán jáde. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlà méjì, "Ti etí nìyí," nítorí orin ni tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ki okùn tẹlifóònù bọ̀, ó sọ ọ́ ní ti ẹnu. Ìyàwó mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti ń bẹ̀rù kí ọkọ òun má gbé ìyàwó kejì wálé, àṣé pátákó ni yóò gbé wá, ìyá ọkọ ni yóò sì máa bá a ṣètò rẹ̀. Ìgbà yẹn dùn, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn bí ojú. Inú àpò àgbàdo ni mo ti rí i ní Oko-Akarè, nínú ẹrù tí òṣìṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì fi sílẹ̀ kó tó kú. Ihò dúdú mẹ́jọ, kò sí funfun kankan. Wọ́n kọ 386 sára èérún ńlá rẹ̀, orúkọ ìran kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Ọdún tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ọdún tí mo ṣì ń lọ sí ilé-ìwé láìwọ bàtà. Mo so iná mànàmáná mọ́ ọn, ó dún píì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà funfun sì yọ lójú téléfísọ̀n tí mo fi sí i. Ìyá mi pàtẹ́wọ́.

Òfin kan wà tí gbogbo àwa tí a ń ṣa káàtì mọ̀. Èmi gan-an ni mo máa ń fi kọ́ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà káàtì wọ̀nyẹn máa ń ní bátìrì aláwọ̀ aró kékeré kan lórí, tó rí roboto bí àgbá òwú. Bí ó bá dàgbà, á máa sun omi, omi náà a sì máa jẹ àwọn ìlà ara káàtì. Nítorí náà, kí o tó wo orúkọ rẹ̀ pàápàá, gé bátìrì rẹ̀ ná. N kò gé ti èyí. Olùkọ́ kan ní Àjàṣẹ́, tí òun náà ń ṣa káàtì, ti ṣèlérí láti wá wò ó, mo sì fẹ́ kó bá a ní pípé, bí wọ́n ṣe gbé e jáde nílé iṣẹ́. Ìgbéraga ni, kí n má tàn yín. Mo wé e sínú ìwé ìròyìn, mo gbé e sórí pẹpẹ. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò parí, n kò tú u wò.

Ọdún Ògún ní agboolé bàbá ìyá mi ní Ikpinlè máa ń kó gbogbo ẹbí jọ. Kátólíìkì ni mí, n kì í bọ ọ́, ṣùgbọ́n n kì í kọ oúnjẹ ẹbí. Lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù á kó irin iṣẹ́ rẹ̀ síta, àdá, ọkọ́, alùpùpù, títí kan ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n á ta epo díẹ̀ sí i, wọ́n á sì bẹ̀bẹ̀ kí irin má yíjú padà sí ẹni tó ń lò ó. Ìyá mi ti ṣáájú mi lọ. Nígbà tí mo dé láti ìsìn òwúrọ̀, mo rí káàtì mi láàárín àwọn ọkọ́, ó ń dán yinrin, epo ń kán lára rẹ̀. Èyí tó dára jù ló mú! Ó ti mọ̀ pé káàtì yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

"Ìyá, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti bà á jẹ́!"

"Irin ṣáà ni iṣẹ́ tìrẹ náà, ọmọ mi," ni ó wí. "Mo ní kí wọ́n má yọ ẹ́ sílẹ̀ nínú àdúrà."

Mo sọ pé kò mọ̀wé, kò mọ nǹkan kan, kò sì yẹ kó fọwọ́ kan ohun tí kò yé e. Lójú gbogbo ènìyàn ni o! Lójú àwọn ọmọdé tí ó gbé pọ̀n. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá mi ń nu epo ọwọ́ rẹ̀ sára ìró rẹ̀, ó ń nù ún, kò gbójú sókè. Ìyá Kpoulou ló sọ̀rọ̀: "Mo ti sọ fún ẹ kí o jìnnà sí nǹkan àwọn akọ̀wé. Ẹlẹ́po, o ò gbọ́."

Mo gbé káàtì náà délé, mo fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn. Epo lọ pátápátá. Nígbà náà ni mo rí abẹ́ bátìrì. Ó ti hu ìpáàrà aláwọ̀ ewé, àwọn ìlà ibẹ̀ ti jẹ dànù, irin ẹsẹ̀ ihò méjì ti di eérú. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ epo. Mo lọ wo ìwé ìròyìn tí mo fi wé e, àmì ewé kan náà wà lára rẹ̀, ó ti gbẹ tipẹ́. Kí ìyá mi tó fọwọ́ kàn án ni káàtì náà ti kú. Èmi ni mo pa á. Kí ni mo wá ṣe? Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo sọ ọ́ sínú iná ìdáná. Nígbà tí olùkọ́ Àjàṣẹ́ dé, mo ní ìyá mi ló da epo sí i, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ẹ wo irú ọmọ tí mo jẹ́!

Ọdún méjì ni ìyá mi kò fi wọ yàrá tí mo ń kó káàtì sí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí mi, á ní, "Epo wà lọ́wọ́ mi o, n kò ní sún mọ́ ọn." Ẹní rẹ̀ wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ń ṣe iṣẹ́ náà lémi nìkan, kò dùn mọ́. Nínú ẹbí, orúkọ tí Ìyá Kpoulou sọ ọ́ ti mọ́ ọn lára. Bí ìyàwó ilé kan bá fẹ́ gbé àwo tánganran síta, ẹnìkan á dáhùn pé kí wọ́n má jẹ́ kí Ẹlẹ́po gbé e o. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rín in.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Kpoulou kú. A sin ín tán, a ń padà bọ̀, ìyá mi jókòó lẹ́yìn mi lórí alùpùpù. Ó sọ̀rọ̀ sí mi léjìká, jẹ́jẹ́: "Àwa méjì péré ló ṣẹ́kù tẹ́lẹ̀ nínú ọmọ ìyá wa. Ẹlẹ́po ló ń pè mí títí ó fi lọ."

Mo pa alùpùpù náà sẹ́bàá ọ̀nà. N kò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe mí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, bátìrì, ìwé ìròyìn, iná. Ìyá mi wá bínú nígbẹ̀yìn, inú mi sì dùn pé ó bínú. "Ọdún méjì gbáko! Ọdún méjì ni mo fi ń fọ ọwọ́ mi kí n tó gba ọmọ rẹ gbé!" Nígbà tó sinmi, ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Níbi tí mo ti pariwo, níbẹ̀ náà ni kí n ti sọ ọ́.

Bí ọdún Ògún ṣe tún dé, mo gbé òkú káàtì náà lọ sí Ikpinlè. Mo dúró láàárín agboolé, mo tún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi tí mo ń kọ lẹ́tà fún gbogbo ìlú. Mo fi ibi tí omi bátìrì ti jẹ ẹ́ hàn wọ́n, mo ní èmi ni, kì í ṣe ìyá mi. Baálé ilé, arúgbó àgbẹ̀ kan, gba káàtì náà, ó fi èékánná ha ìpáàrà rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí wa? Gbogbo wa níbí la ń fi epo pa àdá kí ìpáàrà má baà jẹ ẹ́ lójò. Epo kì í jẹ irin, epo ló ń gbà á sílẹ̀. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pariwo lọ́jọ́ yẹn, a rò pé ti òyìnbó yàtọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tì mí, ara mi sì fúyẹ́.

Ẹní ìyá mi ti padà sí ẹ̀gbẹ́ mi báyìí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìka ló fi ń ka ihò, kì í sì í ṣì í. Òun ló ń di bátìrì mú tí mo bá ń gé e, kò sì sí káàtì tó ń wọ ilé wa tí bátìrì rẹ̀ ń sùn níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má fi ìgbéraga tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti di ẹ̀bi yín lé ẹlòmíràn lórí, ẹ sọ ọ́ kálẹ̀ nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ṣì ń gbọ́.

Ti Ìyá Kpoulou ló kù. Mo ti bẹ fadá fún ìsìn lórúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe é. Ìyá mi ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n fadá ni ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, èmi kò tíì bá ẹ̀gbọ́n òun sọ ọ́. Ó ní kí n lọ dúró létí sàréè náà ní Kpoulou kí n ya ẹnu mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ: báwo ni ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, nítorí láti àárọ̀ yìí ni ìyá mi ti wọ aṣọ tán, ó ti gbé káàtì náà sínú àpò, ó sì ti jókòó ti alùpùpù. Mo ní ṣé dandan ni ká gbé e dání. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò ní gbà gbọ́ bí kò bá rí i.