Ohùn Màmá Tó Wà Nínú Lápútọ́ọ̀pù Mi

Ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kó tó pa mí sínú! Àbúrò wa yẹn, àbíkẹ́yìn tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnjiníà, ṣé ẹ mọ ohun tó fojú mi rí? Ohùn Màmá ti lọ o. Ohùn ìtàn wọn tí mo gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀, tí mo kó sínú lápútọ́ọ̀pù mi, kò sí níbẹ̀ mọ́, mo ti wá a títí ojú ń ro mí.

Ṣé èmi ni mo ní kó wá bá mi tún lápútọ́ọ̀pù náà ṣe ni? Ó ń fà díẹ̀, òótọ́ ni, tí mo bá tàn án láàárọ̀ mo lè gbálẹ̀ yàrá tán kó tó jí, ṣùgbọ́n ṣé mo ké pe ẹnì kan? Òun ló wọlé, tó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ní ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, èyí tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù, ló wúwo jù, pé òun ní òmíràn tó fúyẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó sì yá lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àfi ìgbà tí mo gbé e dé ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé-ìwé wa ò dá a mọ̀ mọ́! Ìbéèrè ìdánwò kíláàsì mẹ́fà tí mo ti tẹ̀ há sínú ẹ̀, ọ̀gá àgbà ń wò mí bí ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ gbé. Ni mo bá pè é, mo ní ọmọ ìyá mi, dákun, dá a padà sí bó ṣe wà, ètò àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́, bó ṣe ń fà yẹn náà tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ gbọ́ o. Nígbà tó dé, mo jókòó tì í. Mo ní, "Ohùn Màmá ńkọ́?" Ó ní òun ti kó o pamọ́. Mo ní kó búra, ó fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè, orúkọ Màmá ló fi búra. Mo tún na fíláàṣì sí i kó dà á sí, tuntun, mi ò tíì tú ọ̀rá ara ẹ̀, ó ní kí n gbé e kúrò lójú òun.

Ṣé ẹ mọ ibi tó kó o pamọ́ sí? Inú lápútọ́ọ̀pù kan náà! Ó pín inú ẹ̀ sí méjì, ó kó ohùn ìyá wa sí apá kejì, ó wá ní kí ètò àtijọ́ wọlé padà, ìyẹn bi í bóyá kóun pa gbogbo ohun tó wà ńlẹ̀ rẹ́, Ẹnjiníà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó kó ẹrù kúrò ní yàrá lọ sí pálọ̀, tó wá dáná sun ilé!

Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe àṣìṣe yẹn ló dùn mí jù. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń sọ fún mi pé ohùn náà wà lọ́dọ̀ òun, pé òun ń bọ̀ wá dá a padà síbẹ̀, pé kí n ní sùúrù. Mo sì ń ní sùúrù, mo tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún un! Àárọ̀ yìí ni mo ká a mọ́lé tó tó jẹ́wọ́. Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ wo ẹ̀fọ́, èmi rèé.

Màmá ò lè tún un sọ mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe pọ̀n mí sáré lọ́jọ́ tí omi gbé afárá lọ, tí wọ́n dákẹ́, tí wọ́n ní, "Ṣé nǹkan yìí ṣì ń gbọ́ mi?", tí wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń gbọ́ tí iṣẹ́ bá ti sú mi. Níbo ni kí n ti lọ ra ẹ̀rín yẹn?

Ẹ ní kí n má sunkún, pé nítorí ohùn mọ́kàndínlógún péré...

Ẹ dúró ná.

Ta ló sọ fún yín pé mọ́kàndínlógún ni? Mi ò ka iye ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹni tó pa á rẹ́ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ wò mí lójú. Ìgbà wo ló sọ fún yín? Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ̀yin lẹ ní kó máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí, kí ọkàn mi má baà gbọgbẹ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mò ń gbé oúnjẹ wá bá yín níbí, tí mò ń sọ fún yín pé Ẹnjiníà ń gbé ohùn Màmá bọ̀, ẹ̀ ń jẹun, ẹ̀ ń ní "ó máa dáa"? Há, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà?

Rárá, ẹ má dìde. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin ni àkọ́bí, ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń gbọ́ ohùn Màmá kí wọ́n tó bí mi, kò sí èyí tẹ́ ò mọ̀ nínú gbogbo ìtàn yẹn, ohùn yín sì jọ tiwọn débi ikọ́ tẹ́ ẹ máa ń kọ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Fóònù mi rèé, mo ti tẹ̀ ẹ́, ó ti ń gbà á sílẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni mo fẹ́, ẹ ò sì ní kúrò lórí àga yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí omi gbé afárá lọ. Ẹ má sì fo ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín.