Táyà Ẹ̀yìn Katakata Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín lórúkọ Jésù. Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ọkọ mi sí fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí nínú ìjọ yìí, ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà jáde wá sọ ẹ̀rí. Ẹnu mi máa ń wúwo níwájú èrò. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí eléyìí, ara mi ò ní balẹ̀, torí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ọkọ mi, Dádì Ṣadé, ló jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń wolẹ̀. Iṣẹ́ katakata ló ń ṣe. Ó máa ń bá àwọn àgbẹ̀ túlẹ̀ lọ́nà Owódé Ẹ̀gbá nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Katakata yẹn ti dàgbà. Ó ju Ṣadé lọ lọ́jọ́ orí, Ṣadé sì ti wà ní póòlì báyìí. Ìyálé mi ni mo máa ń pè é, torí òun ni mo bá nílé nígbà tí wọ́n fẹ́ mi.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti jẹ tán. Àwọn eyín gbọọrọ tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú ti pá, ó wá ń dán. Lọ́jọ́ kan, ó ń túlẹ̀ lórí ilẹ̀ kan tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò, ni katakata bá ń yọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹ búréèkì, kò gbọ́. Kùkùté igi kan ló dá a dúró. Ó délé, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kùkùté náà gba òun lálejò. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Katakata tó bá dojú dé kì í fi awakọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti ní òun ń lọ oko, àyà mi á já, kò sì ní padà sípò títí tó fi máa wọlé. Ìbẹ̀rù yẹn ni mo gbé lọ síwájú Ọlọ́run. Mo ní, Olúwa, táyà tí kò ní sọ mí di opó ni kí o fi hàn wá, kí o sì fi àmì sí i tí ojú mi á rí.

Ẹ ṣáà gbọ́, àmì tí mo bèèrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàfò, létí Express, tó ń ta táyà tòkúnbọ̀. Ó yí méjì jáde fún wa. Kí n má parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, táyà náà dára lójú. Ó ga, ó fẹ̀, eyín rẹ̀ sì dúró dáadáa. Dádì Ṣadé ń yí i po, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ó ní èyí tó bá tóbi ló ń di ilẹ̀ mú. Ọkùnrin yẹn náà ní, "Dádì, ẹ ò lè rí irú ẹ̀ ní gbogbo Express yìí o." Èmi ní tèmi kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo rí 18.4, dáàṣì, 30. Ọkàn mi ní àmì náà rèé. Orí kejìdínlógún, ẹsẹ kẹrin. Inú ìwé wo? Ẹni tó wà nínú ìdààmú, ìwé wo ló máa kọ́kọ́ ṣí tí kì í bá ṣe Sáàmù? Mo yọ Bíbélì kékeré tó wà nínú báàgì mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní tiyín lọ́wọ́, ẹ lè ṣí i wò. Ẹsẹ yẹn ń sọ̀rọ̀ ikú tó yí èèyàn ká. Mo pa Bíbélì dé, mo ní, "Dádì Ṣadé, a ò ní ra eléyìí."

Ó ní kí ló dé, mo sì sọ fún un. Ó wò mí, ó wo táyà, ó tún wo ọkùnrin tó ń tajà. Ó ní, "Màmá Ṣadé, ṣé Sáàmù làwọn òyìnbó tó ṣe táyà ń kà ni? Bí táyà ṣe fẹ̀ tó ni 18.4 yẹn. 30 yẹn ni ihò àárín ẹ̀, ó sì máa wọ ríìmù wa." Ọkùnrin yẹn ti fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò dìde níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ẹ sì mọ ọkọ mi, kì í fẹ́ kí wọ́n máa wò wá níta gbangba. Ó ní, "Ó dáa, dìde. Màá lọ wọn tiwa wò ná kí ọkàn ẹ lè balẹ̀. Tó bá ti bá a mu, a máa padà wá gbé e, ìwọ àti Sáàmù ẹ."

Ló bá fi okùn wọn fífẹ̀ táyà yẹn, ó ta kókó sí i. Nígbà tí a délé, ó fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ kúrò lára táyà wa àtijọ́. 16.9 ló wà níbẹ̀, ó sì ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ọdún tó ti rà á ti pẹ́. Ó wá na okùn náà sábẹ́ irin tó bo orí táyà. Okùn gùn ju àyè lọ. Ó ní ihò àárín á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n táyà yẹn á fẹ̀ ju ríìmù lọ, á sì máa ha irin lára níbi ilẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ títí tó fi máa bẹ́. Ó wá wò mí, ó ní, "Ti 16.9 ńkọ́, kí ni tiẹ̀ wí?" Ó fi ń dá mi lápárá ni. Mo ṣí i, mo kà á sókè. Ẹsẹ yẹn ń sọ nípa ọkàn tó ń yọ̀, tí ara pàápàá sì ń sinmi láìfòyà. Àpárá tán lójú ẹ̀. Ó ní, "Ká wá 16.9."

Pásítọ̀, mo rí i bí ẹ ṣe ń wò mí. Ẹ ti pè mí sí ọ́fíìsì, ẹ ti sọ fún mi pé nọ́ńbà táyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, pé bí mo bá ń bá a lọ báyìí, nọ́ńbà mọ́tò ni màá fi wá ọkọ fún Ṣadé. Mo ti gbọ́, sà. Mi ò kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ̀rù tó bà mí ló mú kí ọkọ mi lọ wọn ohun tí kò fẹ́ wọn. Ọlọ́run lè gba ibi ìwà òmùgọ̀ èèyàn wọlé láti wá gbà á.

A wá kiri. Ìbàfò ò ní, Mowé níbí ò ní. Alhaji kan ní Ifọ̀ ní ẹyọ kan tó dára, tí kò sán níbì kankan. Èkejì tó fẹ́ fi kún un ti jẹ dé ìdajì. Èmi ní ká gbé e bẹ́ẹ̀, ó ṣáà jẹ́ 16.9. Dádì Ṣadé ló kọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ìbejì ni táyà ẹ̀yìn, a kì í dáṣọ fún Táyé ká fi Kẹ́hìndé sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ga ju ọ̀kan lọ, katakata á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ odò ló sì máa fà sí. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà bí ìbejì, òun ò lè jiyàn. Ó ní ká fún òun láyè, òun á bá wa wá èkejì rẹ̀.

Ìdúró yẹn ló le jù. Òjò ń rọ̀, àwọn àgbẹ̀ ń pè é lórí fóònù, wọ́n ní ilẹ̀ ti rọ̀, ṣé káwọn wá ẹlòmíì ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú kọ́kọ́rọ́ katakata. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò pariwo. Mo ní, "Dádì Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn yín." Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ irú ẹ̀ fún un, àárín wa ò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọmọ àti owó iléèwé la máa ń sọ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Alhaji pè pé òun ti rí Kẹ́hìndé, a sì lọ ra méjèèjì, a dè wọ́n mọ́ katakata.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún pè é sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó wà létí odò yẹn. Òjò ti jẹ abẹ́ ilẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó ṣe ń yí katakata padà, etí ilẹ̀ ya lulẹ̀ lábẹ́ táyà ọ̀tún. Katakata fì sí ẹ̀gbẹ́ odò. Màmá tó ni oko sọ fún mi pé òun ti di ojú, òun ò fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n táyà òsì ti ki eyín bọ ilẹ̀, kò yọ̀, kò yẹ̀. Ọkọ mi fi rífáàsì fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú koríko. Ó pè mí, ó kàn ní, "Màmá Ṣadé, mo wà o." Mo bi í pé níbo. Ó ní, "Mo kàn wà ni."

Ó délé lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Ó ní òun á fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí òun tó wẹ̀. Orí ẹní ní pálọ̀ ló sùn sí, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ẹ̀yin ará, ọkọ mi máa ń hanrun. Ìyàwó Pásítọ̀ mọ̀, mo ti fẹjọ́ ìhanrun yẹn sun wọ́n rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé àpótí, mo jókòó tì í. Mi ò ní kó yíra padà. Tó bá dákẹ́ díẹ̀, ọkàn mi á dúró. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀, màá ní, Jésù, o ṣeun. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin obìnrin inú ìjọ yìí, bí ọkọ yín bá hanrun lálẹ́ òní, ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Òkú kì í hanrun. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ilé mi dákẹ́.